Nígbà Tí Ọwọ́ Bá Ṣì, Ta Ló Jẹ̀bi?

  Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá yín sọ nínú ìwé ìrántí ọdún yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ òṣèlú, kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ oyè jíjẹ. Ọ̀rọ̀ ìka ọwọ́ kan ni, àti bọ́tìnì kékeré kan tí ìka náà tẹ̀. Ẹlòmíràn lè ní, "Ẹ wo ohun tí àwọn àgbàlagbà jókòó tì!" Ṣùgbọ́n bí abẹ́rẹ́ ti kéré tó, kì í ṣe mímì fún adìẹ. Bọ́tìnì kékeré yìí ti ba iṣẹ́ ọdún púpọ̀ jẹ́, ó ti dá ìjà sílẹ̀ láàárín ẹbí, ó sì ti mú kí wọ́n pe ọmọlúàbí ní olè.

Ìbéèrè wa nìyí. Bí ènìyàn bá ba ohun ribiribi jẹ́, tó sì jẹ́ pé kò mọ̀ọ́mọ̀, ọwọ́ rẹ̀ ló kàn ṣì, ǹjẹ́ ó jẹ̀bi? Bí òun kò bá jẹ̀bi, ta ló jẹ̀bi? Bí a kò bá wá rí ẹni tó jẹ̀bi rárá, ta ni yóò ru ẹrù ohun tó ti bàjẹ́?

Ọ̀nà àbùjá àti ewu rẹ̀

Láyé òde òní, ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́, ṣọ́ọ̀ṣì, mọ́ṣáláṣí àti ilé ìwé ló ń tọ́jú àkọsílẹ̀ wọn sínú kọ̀ǹpútà. Bí wọ́n ṣe to lẹ́tà sórí kíbọ́ọ̀dù rẹ̀ ti wà láti ìgbà ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tí Christopher Latham Sholes àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ní Amẹ́ríkà, tí ilé iṣẹ́ Remington sì gbé jáde fún títà ní ọdún 1874. Lórí ẹ̀rọ àtijọ́ yẹn, bọ́tìnì kan, lẹ́tà kan ni. Ẹni tó bá ṣì í tẹ̀, lẹ́tà kan ló bàjẹ́, á pa á rẹ́, á tún un tẹ̀, ọ̀rọ̀ bùṣe.

Kọ̀ǹpútà ló mú ọ̀nà àbùjá wá. Bí a bá di bọ́tìnì tí wọ́n kọ Ctrl sí lára mú, tí a wá tẹ lẹ́tà kan mọ́ ọn, lẹ́tà náà kì í ṣe lẹ́tà mọ́, ó ti di àṣẹ. Ctrl àti C ń ṣe ẹ̀dà ọ̀rọ̀. Ctrl àti X ń gé e kúrò. Ctrl àti V ń lẹ̀ ẹ́ mọ́ ibòmíràn. Ctrl àti S ń fi iṣẹ́ pamọ́. Ctrl àti Z ń dá ohun tí a ṣe kẹ́yìn padà. Ctrl àti A ń mú gbogbo ohun tó wà nínú ìwé náà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ní nǹkan bí ọdún 1974 sí 1975, Larry Tesler, ẹni tó kú ní ọdún 2020, àti Tim Mott ṣiṣẹ́ lórí gígé àti lílẹ̀ ọ̀rọ̀ yìí ní ilé ìwádìí Xerox ní California. Èrò rere ni wọ́n ní. Wọ́n fẹ́ kí iṣẹ́ rọrùn fún ẹni tí kì í ṣe onímọ̀ ẹ̀rọ.

Ṣùgbọ́n ẹ wo kíbọ́ọ̀dù náà dáadáa. Z, X, C àti V tò tẹ̀lé ara wọn lórí ìlà kan ṣoṣo. Èyí tó ń ṣe ẹ̀dà àti èyí tó ń gé e kúrò, ará ilé kan náà ni wọ́n, ògiri kan ló là wọ́n láàárín. Ctrl wà nísàlẹ̀ Shift gan-an, bẹ́ẹ̀ Shift là ń tẹ̀ kí lẹ́tà lè tóbi. Nínú ọ̀pọ̀ ètò kọ̀ǹpútà, Ctrl àti W ń ti ojú ewé kan, nínú àwọn kan, Ctrl àti Q tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ń ti gbogbo iṣẹ́ pa.

Èyí tó tún burú ni pé bọ́tìnì kan náà kì í jẹ́ orúkọ kan náà nílé gbogbo. Nínú Word, Ctrl àti Y ń tún ohun tí a ti dá padà ṣe. Nínú WordStar ayé àtijọ́, Ctrl àti Y ń pa odidi ìlà kan rẹ́. Àwọn tó lo WordPerfect 5.1 á rántí pé F3 ni wọ́n ń tẹ̀ bí wọ́n bá ń wá ìrànlọ́wọ́, bẹ́ẹ̀ F1 ni nínú ọ̀pọ̀ ètò mìíràn. Àwa Yorùbá mọ irú nǹkan báyìí. Ọkọ, ọkọ́ àti ọkọ̀, lẹ́tà kan náà ni, ohùn ló yà wọ́n. Àjèjì tí kò mọ ohùn á ní òun fẹ́ lọ fi ọkọ òun ro oko, a ó sì máa rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n bí a bá ṣi ohùn pè, ẹni tó ń gbọ́ wa á bi wá léèrè pé, "Kí lẹ ní?" Kọ̀ǹpútà kì í béèrè. Ohun tó gbọ́ ló ń ṣe.

Ọ̀rọ̀ opó kan

Ẹ jẹ́ kí a mú ọ̀rọ̀ náà wá sílé. Ó ṣẹlẹ̀ ní ẹgbẹ́ ọmọ ìlú kan tí a mọ̀ dáadáa níbí. A kò ní dárúkọ ẹgbẹ́ náà, a kò sì ní dárúkọ ẹnikẹ́ni, nítorí ọgbọ́n là ń wá, kì í ṣe ẹ̀gàn.

Ẹgbẹ́ náà ní owó ìsìnkú tí olúkúlùkù ń dá lóṣooṣù. Bí ẹnìkan bá kú, ẹgbẹ́ á gbé e lọ sílé, wọ́n á sì fún ìdílé rẹ̀ ní owó gẹ́gẹ́ bí iye ọdún tó ti fi ń san án. Inú ìwé ńlá ni àkọsílẹ̀ náà wà tẹ́lẹ̀. Nígbà tí ikán bẹ̀rẹ̀ sí mu ìwé náà, wọ́n ní kí wọ́n tẹ gbogbo rẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà. Bí wọ́n ṣe parí, wọ́n dáná sun ìwé àtijọ́ náà. Wọ́n ní àwọn ti dọ́gba pẹ̀lú ayé.

Ọmọbìnrin kan tó ń kọ́ṣẹ́ ní bísínẹ́ẹ̀sì sẹ́ńtà ni wọ́n gbé iṣẹ́ fún pé kó fi orúkọ àwọn ọmọ ẹgbẹ́ tuntun kún ti àtijọ́. Bébà ni ojú rẹ̀ wà, kò wo ojú kọ̀ǹpútà. Ó fẹ́ tẹ A ńlá tó bẹ̀rẹ̀ orúkọ Adéwálé. Shift ló yẹ kó dì mú, Ctrl ni ìka rẹ̀ bọ́ sí. Ctrl àti A mú gbogbo ìwé náà, láti orúkọ àkọ́kọ́ dé ti ìkẹyìn. Lẹ́tà tó tẹ̀ tẹ̀lé e, d kékeré, ló gba ipò gbogbo rẹ̀. Orúkọ àwọn ènìyàn tó lé ní 200, owó ọdún 11, gbogbo rẹ̀ di lẹ́tà kan. Ọmọ náà kò mọ̀, ó ń tẹ̀ lọ. Wọ́n sì ti kọ́ ọ, ẹ̀kọ́ rere sì ni, pé kó máa tẹ Ctrl àti S lóòrèkóòrè nítorí iná tí ń lọ láìdágbére. Ó tẹ̀ ẹ́. Ìgbà tó gbé ojú sókè ló rí i pé ìwé tó kún fọ́fọ́ ti ṣófo.

Ctrl àti Z ì bá ti dá gbogbo rẹ̀ padà lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò tíì kọ́ ọ ní ìyẹn. Bó ti dìde láti lọ béèrè, wọ́n mú iná lọ, kọ̀ǹpútà kú, ohun tí ẹ̀rọ náà fi ń rántí ìṣísẹ̀ rẹ̀ bá a lọ.

Ẹ̀rù ba ọmọ náà. Ó dákẹ́. Odidi ọjọ́ 4 ló fi dákẹ́, àwọn oníbàárà sì ń lo kọ̀ǹpútà náà lọ. Láàárín ọjọ́ mẹ́rin náà ni ọ̀kan nínú ọmọ ẹgbẹ́ kú. Nígbà tí akọ̀wé wá wo iye tí bàbá náà ti san, àṣírí tú. Opó rẹ̀ wá pẹ̀lú rìsíìtì tó rí nínú àpótí ọkọ rẹ̀. Ti ọdún 3 péré ló rí.

Ìpàdé ọjọ́ náà gbóná. Akápò ní, "Ohun tó wà lákọsílẹ̀ ni ẹgbẹ́ ń san. Ọdún mẹ́ta la rí, ọdún mẹ́ta la ó san." Ìyá kan dìde, ó ní, "Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ ṣì ni kó san ìyókù. Kí wọ́n pe àwọn òbí rẹ̀ wá." Àwọn ọ̀dọ́ ní kí wọ́n gbé oníbísínẹ́ẹ̀sì sẹ́ńtà lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá. Wọ́n bi ọmọ náà pé kí ló dé tí kò fi sọ̀rọ̀. Ó kúnlẹ̀, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ bàbá, ẹ̀rù ló bà mí. Mo rò pé ẹ máa ní mo jí owó ni."

Nígbà náà ni ẹni tó dàgbà jù nínú wọn béèrè pé, "Kí ni a fi ń ṣe ẹ̀rí kí kọ̀ǹpútà tó dé? Ta ló ń jókòó ti olóògbé ní ìpàdé?" Ènìyàn 4 nawọ́. Wọ́n jẹ́rìí lẹ́yọ̀ kọ̀ọ̀kan pé láti ọdún àkọ́kọ́ ni bàbá náà ti ń san owó rẹ̀, kò jẹ oṣù kan. Ẹgbẹ́ san owó opó náà pé. Lẹ́yìn èyí, wọ́n gba rìsíìtì lọ́wọ́ ọmọ ẹgbẹ́ gbogbo, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí tún àkọsílẹ̀ náà kọ. Apá kan rẹ̀ kò padà wá títí di òní.

Orúkọ tí ẹ̀ṣẹ̀ ń jẹ́

Kí a tó lè dá ẹjọ́ yìí, ó yẹ kí a mọ orúkọ ohun tí a ń dá ẹjọ́ rẹ̀. Èdè wa kò tálákà nínú ọ̀rọ̀ yìí. Èèṣì wà, àìmọ̀ wà, àìbìkítà wà, àmọ̀ọ́mọ̀ṣe sì wà.

Èèṣì ni kí ọkàn rán ọwọ́ ní iṣẹ́ kan, kí ọwọ́ lọ jẹ́ òmíràn. Àìmọ̀ ni kí ọwọ́ jẹ́ iṣẹ́ tí ọkàn rán an, ṣùgbọ́n kí ọkàn fúnra rẹ̀ má mọ ọ̀nà. Àìbìkítà ni kí ènìyàn mọ̀ pé ewu wà, kó sì ní kò kan òun. Àmọ̀ọ́mọ̀ṣe kò ṣẹ̀ṣẹ̀ ń fẹ́ àlàyé. Donald Norman, ọ̀mọ̀wé ará Amẹ́ríkà, fi ìyàtọ̀ sáàárín méjì àkọ́kọ́ yìí nínú ìwé kan tó gbé jáde ní ọdún 1988. Ohun tó ṣàlàyé yẹ kó yà wá lẹ́nu: ẹni tó mọ iṣẹ́ dáadáa ni èèṣì máa ń ṣe jù. Ọ̀gbẹ̀rì ń wo ọwọ́ rẹ̀, ó ń wá lẹ́tà kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó ti mọ̀ ọ́n ń fi ọwọ́ sílẹ̀ kó máa dá lọ, ọkàn rẹ̀ ti wà níwájú. Ẹni tó mojú ọ̀nà oko bí ẹní mowó náà ló ń fẹsẹ̀ gbá gbòǹgbò tó hù lánàá.

Èyí já sí pé, bí a bá ń pariwo "Fara balẹ̀!" mọ́ ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ ṣì, ìmọ̀ràn tí kò ràn án lọ́wọ́ là ń fún un. Ó ti fara balẹ̀. Ẹṣin tó ní ẹsẹ̀ mẹ́rin ń kọsẹ̀, áḿbọ̀ǹtórí ènìyàn ẹlẹ́sẹ̀ méjì.

Òfin ìlú náà mọ ìyàtọ̀ yìí. Òfin Criminal Code ti Gúúsù Nàìjíríà, ní abala 24 rẹ̀, sọ pé ènìyàn kì í jẹ̀bi ọ̀ràn fún ohun tó ṣẹlẹ̀ ní èèṣì. Òfin Penal Code tí wọ́n ń lò ní Òkè Ọya níbí náà gbà bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ó ní ẹni náà gbọ́dọ̀ ti ń ṣe ohun tó tọ́, kó sì ti ṣọ́ra bó ti yẹ. Ẹ mú gbólóhùn "bó ti yẹ" yìí dání, a ó padà sí i.

Ẹni tó kọ́ ilé ńkọ́?

Bí ìyá kan bá bu kẹrosíìnì sínú ìgò omi, tó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ omi mímu, tí ọmọ sì mu ún, ta ni a ó bá wí? Kò sí ẹni tí yóò na ọmọ náà. A ó ní ìyá ló gbé ikú sí ibi tí ọwọ́ ọmọ tó o.

Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ rí nígbà Ogun Àgbáyé Kejì. Àwọn awakọ̀ òfuurufú ológun Amẹ́ríkà ń ba ọkọ̀ bọ́ǹbù B-17 jẹ́ lẹ́yìn tí wọ́n bá ti balẹ̀ láyọ̀ tán. Wọ́n fẹ́ ká apá kékeré tó wà lára ìyẹ́ ọkọ̀ náà sókè, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ ọkọ̀ ni wọ́n ń ká, ọkọ̀ á sì fi ikùn lélẹ̀. Àwọn ọ̀gá ní àṣìṣe awakọ̀ ni. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń jẹ́ Alphonse Chapanis ló wọ inú ọkọ̀ náà lọ, ó rí i pé ohun tí wọ́n fi ń darí méjèèjì jọra, wọ́n sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Ó ní kí wọ́n fi ohun tó rí bíi táyà kékeré sórí ti ẹsẹ̀, kí wọ́n fi ohun tó rí bí ìyẹ́ sórí èkejì, kí ọwọ́ lè mọ̀ ọ́n kódà nínú òkùnkùn. Kò na awakọ̀ kankan. Ẹ̀rọ ló tún ṣe.

Àwọn tó ń ṣe kọ̀ǹpútà náà mọ̀ ọ́n ṣe bí wọ́n bá fẹ́. Nígbà tí ilé iṣẹ́ IBM ń ṣe kọ̀ǹpútà tí wọ́n gbé jáde ní ọdún 1981, David Bradley ló yan Ctrl, Alt àti Del fún pípa ẹ̀rọ àti títàn án padà. Ó mọ̀ọ́mọ̀ yan bọ́tìnì mẹ́ta tó jìnnà síra wọn, kí ènìyàn má baà ṣèèṣì tẹ̀ wọ́n pọ̀. Ó gbé ewu sókè àjà. Bákan náà, ọ̀pọ̀ ọdún ni bọ́tìnì Backspace, tí a fi ń pa lẹ́tà kan rẹ́, fi ń gbé ènìyàn padà sí ojú ewé ẹ̀yìn lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹni tó bá ń kọ fọ́ọ̀mù gígùn, tó fẹ́ pa lẹ́tà kan rẹ́, lè rí i pé gbogbo fọ́ọ̀mù ti lọ. Igbe pọ̀. Google yọ àṣà náà kúrò nínú Chrome ní ọdún 2016. Bí bọ́tìnì náà kò bá léwu, kí ló dé tí wọ́n fi yọ ọ́?

Nítorí náà, ẹni tó kọ́ ilé ní ìpín tirẹ̀ nínú ẹjọ́ yìí. Ẹni tó mọ̀ pé ọwọ́ ènìyàn ń ṣì, tó sì fi ilẹ̀kùn kànga sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn yàrá, kò lè ní ẹni tó já sí kànga kò wo ọ̀nà.

Síbẹ̀, ẹ má jẹ́ kí a sá wọ ibẹ̀ pátápátá. Ẹni tó kọ́ ilé wà ní òkè òkun, kò mọ orúkọ wa, kò sì ní wá sí ìpàdé. Ẹgbẹ́ tí a sọ ìtàn wọn yìí, ta ló ní kí wọ́n sun ìwé àtijọ́? Ta ló ní kí ẹ̀dà kan ṣoṣo wà, kó sì wà lọ́wọ́ ọmọ tí ń kọ́ṣẹ́? Bí a bá bi wá pé níbo ni àìbìkítà wà nínú ọ̀rọ̀ yìí, ọ̀dọ̀ àwọn àgbà ni a ó ti rí i. Ọwọ́ ọmọ ṣì ní ìṣẹ́jú kan. Ọdún gbáko ni àwọn àgbà fi fi ohun iyebíye sílẹ̀ láìní ìdérí. Ìṣọ́ra "bó ti yẹ" tí òfin sọ, àwọn ló jẹ gbèsè rẹ̀.

Ìyà ń bí ìpamọ́

Àwọn kan yóò sọ pé, "Bí ẹ kò bá jẹ ẹnikẹ́ni níyà, ẹnikẹ́ni kò ní ṣọ́ra mọ́." Ọ̀rọ̀ wọn ní ìtumọ̀, ó sì yẹ kí a dá a lóhùn. Fún aláìbìkítà, ìbáwí tọ́. Fún ẹni tó ń jalè tó wá ní kọ̀ǹpútà ló jẹ ẹ́, ìyà tọ́, ó sì yẹ kí a la ojú sílẹ̀, nítorí àwọn kan ti sọ "kọ̀ǹpútà ló pa á rẹ́" di àwáwí. Ṣùgbọ́n fún èèṣì, ìyà kò lè kọ́ ọwọ́ ní ohun tí ọkàn ti mọ̀ tẹ́lẹ̀. Ohun kan ṣoṣo ló ń kọ́ ènìyàn: kó fi í pamọ́ nígbà mìíràn.

Ìpamọ́ yìí gan-an ló ń pa iṣẹ́. Ohun tí a bá pa rẹ́ nínú kọ̀ǹpútà kì í sáàbà kúrò nínú rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Orúkọ rẹ̀ ni ẹ̀rọ náà ń yọ kúrò nínú ìwé ìpè, àyè rẹ̀ á sì wà bíi yàrá tí onílé ti kéde pé ó ṣófo, tí ẹrù ayálégbé ṣì wà nínú rẹ̀. Bí a bá tètè dúró, onímọ̀ ẹ̀rọ lè rí ẹrù náà kó. Bí a bá ń lo ẹ̀rọ náà lọ, ayálégbé tuntun á wọlé, á da ẹrù àtijọ́ nù. Ọjọ́ 4 tí ọmọbìnrin yẹn fi dákẹ́ ló ṣe ìpalára ju ìka tó ṣì lọ. Ta ló kọ́ ọ pé kó dákẹ́? Àwa tí a máa ń pariwo "olè" kí a tó béèrè ọ̀rọ̀ ni.

Ẹ fi èyí wé ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ilé iṣẹ́ GitLab, tó ń tọ́jú iṣẹ́ àwọn onímọ̀ kọ̀ǹpútà káàkiri àgbáyé. Ní ọjọ́ 31 oṣù kìíní ọdún 2017, òṣìṣẹ́ wọn kan tó ti rẹ̀, tó ń ṣiṣẹ́ lóru, pa àkójọ àkọsílẹ̀ rẹ́ lórí ẹ̀rọ tí kò yẹ. Nínú nǹkan bíi gigabyte 300, 4.5 péré ló kù nígbà tó fi dá ọwọ́ dúró. Ọ̀nà 5 ni wọ́n ti là sílẹ̀ láti fi ṣe ẹ̀dà, kò sí ọ̀kan tó ṣiṣẹ́ bó ti yẹ. Ohun tó gbà wọ́n ni ẹ̀dà kan tí òṣìṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ ṣe ní nǹkan bíi wákàtí 6 ṣáájú. Òṣìṣẹ́ náà kò fi í pamọ́, ilé iṣẹ́ náà kò sì fi í pamọ́ fún ayé. Wọ́n jẹ́wọ́ ní gbangba, wọ́n sì jẹ́ kí aráyé máa wo bí wọ́n ṣe ń tún un ṣe. Wọn kò fi ẹni náà ṣe ẹran ìrúbọ. Wọ́n ní ètò àwọn ni kò dára. Ohun tí ẹni tó jìn sí kòtò fi ń kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n ni pé ó lè ké jáde pé, "Kòtò wà níbí o!"

Ẹ̀dà ni ìgbàlà

Ẹ jẹ́ kí a rántí bàbá wa, Àlùfáà Samuel Johnson, tó kọ ìtàn àwọn Yorùbá. Ọdún 1897 ló parí ìwé náà. Wọ́n fi í ránṣẹ́ sí ìlú Òyìnbó ní ọdún 1899 kí wọ́n lè tẹ̀ ẹ́, ibẹ̀ ló ti sọnù. Bàbá náà kú ní ọdún 1901 láìfojú kan ìwé rẹ̀. Àbúrò rẹ̀, Dókítà Obadiah Johnson, ló jókòó tún gbogbo rẹ̀ kọ láti inú ìwé àjákù àti àkọsílẹ̀ tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fi sílẹ̀. Nígbà tó tún fi í ránṣẹ́ ní ọdún 1916, àwọn ológun Jámánì gba ọkọ̀ ojú omi Appam tó gbé e, wọ́n gbé ọkọ̀ náà lọ sí Amẹ́ríkà. Ọdún 1921 ni ìwé náà tó jáde, Obadiah náà ti kú ní ọdún 1920. Ẹ rò ó wò. Ká ní Samuel Johnson ti sun ìwé àjákù rẹ̀ nígbà tó parí èyí tó mọ́, ibi tó pọ̀ nínú ohun tí a mọ̀ nípa Ọ̀yọ́ àtijọ́ ì bá ti ra. Ìwé àjákù ló gbà wá.

Irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1998. Ẹnìkan ní ilé iṣẹ́ Pixar pàṣẹ tó pa ọ̀pọ̀lọpọ̀ nínú fíìmù Toy Story 2 rẹ́ nígbà tí wọ́n ń ṣe é lọ́wọ́. Ẹ̀dà tí wọ́n gbójú lé kò ṣiṣẹ́. Obìnrin kan nínú wọn, Galyn Susman, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, ti gbé ẹ̀dà lọ sílé kó lè máa ti ilé ṣiṣẹ́. Wọ́n fi aṣọ wé kọ̀ǹpútà rẹ̀ bí ọmọ tuntun, wọ́n gbé e wá sí ibi iṣẹ́. Fíìmù náà jáde ní ọdún 1999. Ìyá ọlọ́mọ tó wà nílé ló gba iṣẹ́ náà là.

Àwa tí a wà ní Òkè Ọya kò nílò kí ẹnikẹ́ni sọ fún wa pé bébà nìkan kò tó. Àwọn tó la rògbòdìyàn Kaduna ti ọdún 2000 àti ti Jos ti ọdún 2001 kọjá mọ ohun tí iná lè ṣe sí ilé, sí ṣọ́ọ̀bù àti sí àpótí ìwé. Kọ̀ǹpútà nìkan kò tó, bébà nìkan kò tó, ọwọ́ kan kò sì gbé ẹrù dórí. Kí ọ̀kan wà nínú kọ̀ǹpútà, kí ọ̀kan wà lórí bébà lọ́dọ̀ akọ̀wé, kí ọ̀kan wà nínú fláàṣì ní ilé akápò, kí ọ̀kan sì wà ní ìlú wa lọ́hùn-ún. Kí a kọ́ àwọn ọmọ wa ní Ctrl àti Z kí a tó kọ́ wọn ní Ctrl àti S. Kí wọ́n mọ ọ̀nà àbọ̀ kí wọ́n tó mọ ọ̀nà àlọ.

Ìdájọ́

Kí ni ìdájọ́ wa wá jẹ́? Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ ṣì kò jẹ̀bi èèṣì. Ohun tó jẹ wá ni òtítọ́, kó sọ ọ́ kíákíá. Ẹni tó ṣe ẹ̀rọ jẹ wá ní ilẹ̀kùn tó jìnnà sí kànga. Àwa tí a ni àkọsílẹ̀ jẹ ara wa ní ẹ̀dà, a sì jẹ ọ̀dọ́ wa ní etí tó lè gbọ́ ìròyìn búburú láìbú ẹni tó mú un wá. Ní ti ẹrù ohun tó ti bàjẹ́, kò tọ́ kí a dì í lé orí ẹni tí apá rẹ̀ kò ká a, ìyẹn opó àti ọmọ tí ń kọ́ṣẹ́. Gbogbo ẹgbẹ́ ni kó gbé e, nítorí gbogbo ẹgbẹ́ ló jẹ àǹfààní àkọsílẹ̀ náà nígbà tó wà. Ohun tí àgbà ọjọ́ yẹn ṣe nìyẹn, ó sì tọ́.

Ó ku ohun kan. Àkọsílẹ̀ kan wà tí ẹnikẹ́ni kò tíì tẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà kankan: oríkì ìdílé wa, orúkọ àwọn tó kọ́kọ́ wọ ọkọ̀ ojú irin wá sí Òkè Ọya, agboolé tí olúkúlùkù ti wá. Orí àwọn àgbà ni ó wà, ẹ̀dà kan ṣoṣo. Bí àgbà kan bá lọ, kò sí bọ́tìnì tí a ó tẹ̀ tí yóò dá a padà. Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ jókòó ti bàbá àti ìyá yín nínú ọdún yìí, ẹ béèrè, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹ sì ṣe ẹ̀dà rẹ̀ ju ẹyọ kan lọ.

Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí a pàdánù ohun tí a kò ní rí mọ́. Àṣèyí ṣàmọ́dún o.